Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Ọkọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Rọra. Ó tó, dì í mú!"

Sípánà di ṣéènì mú ṣinṣin. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà rọ̀ dirodiro lókè ihò iwájú ọkọ̀ àtijọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù níta.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

"Gíà rẹ̀ ni. Ó sanra ju ti àtijọ́ lọ. Èjìká rẹ̀ ti ha mọ́ irin ìsàlẹ̀."

"Ṣé ká gé irin náà ni?"

"Wọn kì í torí pé àlejò sanra kí wọ́n wó ilé. Wọ́n á kọ́kọ́ sún àga. Gbé òòlù wá."

Sípánà rẹ́rìn-ín, ó gbé òòlù wá. Bí ẹlòmíì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní kà á sí nǹkan kan. Àwàdà mẹkáníìkì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé e sọ́kàn títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé bàbá tó ń dápàárá yìí, ó ti pẹ́ tó ti rí i mọ.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni ilé wọn ti dákẹ́. Ìyá náà ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́lẹ̀. Á sọ tirẹ̀, á dá ara rẹ̀ lóhùn ní orúkọ ọkọ rẹ̀, á sì tún fi ẹ̀rín gbe ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó lọ, ó kó ọ̀rọ̀ dání lọ. Bàbá, tó jẹ́ mẹkáníìkì ní ilé iṣẹ́ àwọn oníbọ́ọ̀sì, á dé ní ìrọ̀lẹ́, á ní, "Ṣé kò sí?" Ọmọ á ní, "Kò sí, sà." Wọ́n á jẹun, wọ́n á fọ abọ́, ó parí. Ẹ̀rọ omi tó ń jò ní ilé ìdáná ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú ilé náà. Sípánà á jókòó ti ìwé rẹ̀, á máa gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń yí padà lórí àga ní pálọ̀, á máa wá ọ̀rọ̀ kan tó lè lọ fi bẹ̀rẹ̀. Kò rí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó kù díẹ̀ kó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ẹni sọ́rọ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ìyá agbẹ̀bí dé.

Ìyá agbẹ̀bí ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ yẹn ló fi ń lọ láti ilé aboyún kan sí òmíràn, ọ̀sán tàbí òru. Ọkọ̀ náà dàgbà ju bàbá Sípánà lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, orúnkún òsì ìyá náà sì ti le, kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó tà á, kó ra tuntun. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ra ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé kan lára ọkọ̀ tí wọ́n fi kọ lu ògiri láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú gíà rẹ̀ tó ń yí ara rẹ̀ láìsí kílọ́ọ̀ṣì, ó kó gbogbo rẹ̀ wá bá bàbá Sípánà.

"Ẹ bá mi fi èyí sínú ìyẹn," ó wí. "Ẹsẹ̀ òsì mi ló fẹ̀yìn tì, èmi ò tíì fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n mi. Ara rẹ̀ ò yá, ìlú rẹ̀ sì jìn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi lọ bí ẹrù."

Wọ́n ti ọkọ̀ náà wọ abẹ́ páànù ní ẹ̀yìnkùlé, bàbá sì nílò ẹni tí yóò máa bá a di nǹkan mú. Ta ló tún kù nínú ilé? Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, "Gbé e wá" àti "Gbé e padà" nìkan ló ń sọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó fi hàn án ìdí tí ìjókòó ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò fi lè gba tuntun, ó sì jẹ́ kó di irin mú nígbà tí wọ́n ń jó ìjókòó mìíràn mọ́ ọn. Wọ́n fi òòlù lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ títí àyè fi gba gíà. Wọ́n jọ gbé ọ̀pá gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irin, nítorí gíà tuntun gùn, ọ̀pá sì gbọ́dọ̀ kúrú. Lójú ọ̀nà ibẹ̀ ni bàbá ti ṣàdédé sọ pé, "Bọ́ọ̀sì tó bàjẹ́ ni mo ń tì nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìyá rẹ. Ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní àwọn ọkùnrin tó kù ń díbọ́n, èmi nìkan ló ń tì í lóòótọ́."

Sípánà kò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé rẹ̀. Ó fẹ́ bèèrè sí i, àmọ́ wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ agé-irin. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń sáré bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n abẹ́ páànù yẹn ti di ilé fún un ju inú ilé gan-an lọ.

Ẹnì kẹta tó máa ń wá síbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ wáyà ọkọ̀. Iná-ò-gbé-mi ni wọ́n ń pè é, àwọn tí kò ní àkókò á ní Iná. Òun ló sọ ọmọ náà ní Sípánà. Ìyá agbẹ̀bí ló gbẹ̀bí ìyá ọmọ náà nígbà tó bí i. Ìyá náà sì máa ń sọ pé ọmọ yìí kò tíì jáde tán tó ti di ìwọ́ ara rẹ̀ mú, tó ń wo bí wọ́n ṣe so ó.

"Ọkọ̀ yìí ò mọ kọ̀ǹpútà rí," Iná wí bó ṣe ń na wáyà láti iwájú ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n mọra. Sípánà, wá wo nǹkan kékeré yìí. Sẹ́ńsọ̀ ni. Ojú kọ̀ǹpútà nìyí. Bí kò bá rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí, kò ní fún un níná, kódà kí o fi ẹkún bẹ̀ ẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá Iná, báwo ló ṣe ń rán iṣẹ́ sí i?"

"Látorí àwọn irin tín-ín-rín yìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Ìdọ̀tí díẹ̀ báyìí, ojú ti fọ́."

Sípánà wo irin mẹ́ta tín-ín-rín náà, ó mi orí. Bàbá rẹ̀ nu ọwọ́, ó wo iṣẹ́ yíká, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù.

"Tó bá di Sátidé, á dáhùn," ó wí. "Ìyá á wá gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, èmi á sinmi."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni "sinmi"? Ó mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sinmi. Lórí àga pálọ̀ ni, láìsọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì, kí bàbá tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó wọ yàrá tí ìyá rẹ̀ ti máa ń múra. Àwọn nǹkan díẹ̀ ṣì wà níwájú dígí: ìyarí, àtíkè, àti ìgò kútẹ́ẹ̀sì kan tí kò láwọ̀, irú èyí tó kàn máa ń dán lórí èékánná. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn ti kọ́ wọn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bó bá gbẹ, iná kò lè gbà á kọjá. Ó mú ìgò náà, ó lọ sábẹ́ páànù, ó yọ sẹ́ńsọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ọ̀sẹ̀ kan sí i pẹ̀lú bàbá òun, ta ni ìyẹn pa lára? Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n bó ṣe ń kùn ún. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ó fi gbẹ, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Kò sí ojú tó lè rí i.

Nígbà tó di Sátidé, ìyá agbẹ̀bí dé pẹ̀lú báàgì ìrìn-àjò. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ sórí itan. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò dáhùn. Ó tún un ṣe. Kò dáhùn.

"Ẹ fara balẹ̀," ìyá náà wí. "Ọmọ tó máa ń pẹ́ kó tó ké, mo ti rí púpọ̀ nínú wọn. Ẹ gbá a nídìí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Iná so ẹ̀rọ tó fi ń bi kọ̀ǹpútà ọkọ̀ léèrè mọ́ ọn, ó ní sẹ́ńsọ̀ ni, kò jíṣẹ́ rárá. Bàbá ní òun á wá òmíràn. Ìyá agbẹ̀bí gbé báàgì rẹ̀ padà sílé, ó ní òun á ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun pé kó ṣe sùúrù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e dùn, mi ò ní parọ́ fún yín. Bàbá àti ọmọ jọ ń yẹ gbogbo nǹkan wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá tiẹ̀ kọrin díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ kan, ó sì ń ṣi orin náà kọ. Sípánà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ bó bá dórí ibùsùn, ìdùnnú náà kì í bá a débẹ̀. Ó ń rí báàgì ìrìn-àjò ìyá àgbà yẹn.

Sẹ́ńsọ̀ tuntun dé. Bàbá fi í lé e lọ́wọ́ nínú ọ̀rá rẹ̀. "Bá mi tọ́jú ẹ̀ títí di ọ̀la," ó wí. "Ọwọ́ tìẹ ló mọ́ jù nínú ilé yìí."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó di nǹkan náà mú. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ọkọ̀ á dáhùn lọ́la, gbogbo rẹ̀ á parí, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀. Ó rò ó títí. Lẹ́yìn náà ó lọ mú ìgò. Ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ìgbà kejì yìí, kò gbọ̀n rárá. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa bẹ̀rù ara yín.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi í sí i, bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Kò dáhùn.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Méjì kò lè ṣàdédé kú," ó wí. "Nǹkan kan ló ń pa wọ́n."

"Bíi kí ni?" Iná bi í.

"Wáyà."

"Wáyà tèmi?"

"Ta ló tún na wáyà síbí?"

Iná rọra gbé ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Láti ìgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, o ti rí ọkọ̀ kan tí wáyà mi jó rí?"

"Mo ń rí i lónìí. Ọwọ́ rẹ yá jù, ẹnu rẹ sì yá ju ọwọ́ lọ. Àwàdà ni o fi ń ṣiṣẹ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé ṣà. Iná ká wáyà rẹ̀ tó kù, ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sípánà dúró ti táyà ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó kún ẹnu rẹ̀, kò jáde. Iná kọjá lára rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ dáadáa," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá tú gbogbo wáyà náà sílẹ̀. Ó yẹ wọ́n wò láti orí dé ìdí, kò rí àbùkù kankan, ó tún wọn dì bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìyẹn kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ó kàn ń jókòó sórí àpótí lábẹ́ páànù, ọwọ́ lórí orúnkún. Sípánà gbé omi lọ fún un, ó gbà á, kò mu ún. Bó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ burú, èyí le jù ú lọ. Tẹ́lẹ̀, ọ̀fọ̀ ni. Báyìí, ìtìjú ti kún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí bàbá sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé mo gbà."

"Ẹ gba kí ni, sà?"

"Wọ́n ń wá mẹkáníìkì tó máa bá àwọn bọ́ọ̀sì rin ọ̀nà jíjìn. Mo ti ń kọ̀ ọ́ nítorí rẹ. O máa lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ tó jẹ́ àbúrò ìyá rẹ. Èmi á máa yà yín wò bí ọ̀nà bá gbé mi gba ibẹ̀."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Sípánà. "Bàbá, kí ló dé?"

"Ọwọ́ mi ti ń gbàgbé iṣẹ́. Ọkọ̀ ìyá àgbà kan ṣoṣo, mi ò lè mú kó dáhùn. Mo ti lé ọ̀rẹ́ mi lọ. Nínú ilé níbí náà, mo kàn ń jókòó tì ọ́ bí àpótí ni. Àǹtí rẹ mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Á dára fún ọ níbẹ̀."

Ó dìde, ó lọ jókòó sí pálọ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ yìí ń sá fún, òun gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á wọlé.

Ó jáde lọ sábẹ́ páànù. Oògùn tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti òwú díẹ̀. Ó ti ro ọgbọ́n kan. Bí òun bá nu irin yẹn, tí òun sì ní kí bàbá wá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ̀ á dáhùn. Inú bàbá á dùn. Bóyá á tilẹ̀ sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé òun kò lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Ó yọ sẹ́ńsọ̀, ó ta oògùn sórí òwú.

Ibẹ̀ ló ti rántí Iná. Bí ọkọ̀ bá dáhùn lẹ́yìn tí bàbá ti tú wáyà, tó sì tún wọn dì, kí ni gbogbo ayé máa sọ? Wọ́n á ní wáyà Iná ni lóòótọ́. Ọkùnrin yẹn á gbé ẹ̀bi náà dé sàréè, àwọn ọ̀rẹ́ méjì á sì máa wo ara wọn láti òdìkejì títì. Sípánà dúró síbẹ̀ títí oògùn fi gbẹ lórí òwú. Ó ju òwú náà nù. Ó mú sẹ́ńsọ̀ wọlé bó ṣe rí, ó gbé e sórí itan bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, wáyà ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ yín náà ò gbàgbé iṣẹ́. Èmi ni."

Bàbá wo sẹ́ńsọ̀, ó wo ọmọ. Ó fi èékánná ha irin kan. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣí lára rẹ̀, bí awọ àlùbọ́sà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù, ó wò ó dáadáa.

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì, sà."

"Nígbà tí mo ń bá Iná jà, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé?" Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó wu ọmọ náà kó ga. "Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́," Sípánà wí, ẹkún sì gbé e. "Abẹ́ páànù nìkan lẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Inú ilé yìí ń bà mí lẹ́rù. Ó dá wà jù."

Bàbá dìde, ó jáde. Ó pẹ́ níta. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ti fi omi bọ́ ọ. "Wọ bàtà rẹ," ó wí.

Ilé Iná kò jìn. Wọ́n bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tún fáànù kan ṣe. Ó rí wọn, kò dìde.

"Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ọmọ yìí," bàbá wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ọ́."

Sípánà kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ìkankan pa mọ́. Iná ń yí bóòtù kan lọ, ó ń yí i bọ̀. Nígbà tó parí, ó gbé fáànù sílẹ̀.

"O dúró níbẹ̀ nígbà tí mò ń kó irin iṣẹ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo tún fọwọ́ kàn ọ́ lórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Kì í ṣe kútẹ́ẹ̀sì ló dùn mí. Ọmọdé á ṣe bí ọmọdé. Ìdákẹ́ rẹ yẹn ló dùn mí." Ó yíjú sí bàbá. "Ìwọ náà, ó yá ọ lára jù láti gbà pé mo burú."

"Mo jẹ̀bi," bàbá wí. Ọkùnrin àgbà náà dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Iná sáré gbé e dìde, ó ní kí ló ń dán wò, ṣé ó fẹ́ kí àwọn ará ilé rò pé òun ni baálé àdúgbò ni. Ẹ̀rín kékeré kan gba ibẹ̀ kọjá, kò pẹ́.

"Màá wá bá yín tún wáyà yẹn dì dáadáa," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin iṣẹ́ mi, àfi ìgbà tí mo bá ní ó yá."

Ìyẹn dun Sípánà ju ẹgba lọ, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, bàbá rọra ń rìn. "Mo rò pé bí mo bá ń dárúkọ ìyá rẹ, egbò rẹ ni màá máa tú. Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nípa yín, sà."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó mi orí. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa méjèèjì la ti ara wa pa mọ́lé."

Wọ́n nu àwọn irin náà, Iná tún wáyà dì, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn ní kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ tutù débi pé ìyá agbẹ̀bí bèèrè bóyá ó ti tún kú ni. Kí ó tó wọlé sínú ọkọ̀, bàbá ní kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀ fún un. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń retí mi," ó wí. "Bó bá ti kú ńkọ́? Kí lo máa kùn sí ìyẹn lára?"

Sípánà gbé báàgì ìrìn-àjò rẹ̀ sínú ọkọ̀ fún un.

"Ó ṣì wà láàyè. Máa dúpẹ́." Ó kó ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ àtijọ́ náà sì yọ́ jáde ní ẹnu ọ̀nà, ó yà sí títì, ó lọ.

Bàbá lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé òun kò lọ mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ bínú, ó ní bàbá kò mọ ohun tó ń ṣe, ó sì fi ẹlòmíì síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá àti ọmọ jẹun, wọ́n fọ abọ́. Kò sí nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Bàbá jókòó sí pálọ̀. Sípánà dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ń gbọ́ bí ilé náà ṣe tún fẹ́ dákẹ́. Ẹ̀rù bà á. Ó rọrùn láti sọ pé òun ń lọ kàwé. Ó wọlé, ó jókòó sórí ilẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohunkóhun."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ó wí. "Ìyá rẹ ló mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ó dáa. Ta lọ̀rẹ́ rẹ ní ilé ẹ̀kọ́?"

Sípánà wolẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè yẹn. "Kò sí, sà. Kò sí ẹnì kankan."

Bàbá wo orí ọmọ rẹ̀ láti òkè. Kò mọ̀. Wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan, wọ́n jọ gbé ẹ́ńjìnnì odidi kalẹ̀, kò sì mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, bí ilé yín bá dákẹ́ jù, ẹ má ṣe ba nǹkan jẹ́ kí ẹnì kan lè bojú wò yín. Iṣẹ́ ẹlòmíì ni ẹ máa bàjẹ́, orúkọ ẹlòmíì ni ẹ máa fi tàfàlà, ẹ ó sì tún dá wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ la ẹnu. Ó lè má dùn lẹ́nu, ó lè wọ́, ẹ ṣáà sọ ọ́ fún ẹni tó ni yín.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Sọ fún mi," ó wí.

Ó sì sọ ọ́ fún un.